Òwú Tí Wọ́n Fi Ń Di Ìka

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, níṣojú gbogbo ilé, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ládùúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà ti fi iyọ̀ àti ata sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ṣe burú tó láìsí iyọ̀ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí ọ̀nà tóóró ti fẹ́ yọ sí títì tó gòkè lọ sí Màpó. Géètì, irin ojú wíńdò, àga irin, ohun tí mò ń jó pọ̀ nìyẹn. Kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìyá mi kú nígbà tí mo kéré, bàbá mi tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà ló sì tọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Òun náà ló ń wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú agboolé wa.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi bímọ, nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà fún mi nínú ṣọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wé e títí dé àgbọ̀n. Ooru mú lọ́jọ́ náà, gbogbo wa ń làágùn. Kí ló dé tí wọ́n fi wé ọmọ bíi pé ọyẹ́ ń jà? Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká mi ló ń wò, kò wo ojú mi. Ẹni tó bá ti jó irin fún oníbàárà rí á mọ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí nígbà tó bá fi àléébù pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u."

Ọmọbìnrin ni, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ìka mẹ́fà. Ìkẹfà dúró ti ọmọńdinrín, ó ní èékánná tirẹ̀. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e lẹ̀ pọ̀ láti ìdí dé orí, bí ọ̀pá irin méjì tí èmi fúnra mi jó pọ̀ tí mo sì fi fáìlì dán. Ọwọ́ òsì pé ìka márùn-ún, àfi ẹran kékeré kan tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, kò ju ọkà bàbà lọ.

"Bàbá ọmọ, ara ọmọ yín le o," nọ́ọ̀sì ní. "Ó ń mí dáadáa, ó ń ké dáadáa. Ti ìka yìí, àwọn dókítà eegun á wò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwú di èyí tó wà lọ́tùn-ún o. Eegun wà nínú rẹ̀."

"Kí ló fà á?"

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Irin kì í ṣàdédé lẹ̀ mọ́ irin. Ẹnì kan ló jó o.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jó o. Ìyàwó mi ń dirun ní Ọjà'ba, kò sì jókòó sílé nígbà tó lóyún. Àwọn àgbà obìnrin ilé wa ti sọ fún un pé kó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kó sì máa fi píìnì há etí aṣọ rẹ̀, nítorí àwọn nǹkan tí ojú wa kò rí. Ó fi píìnì há aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá. Mo bi í léèrè oòrùn. Mo bi í léèrè oògùn ibà tó lò. Mo bi í léèrè ẹni tó fún un lóúnjẹ àti ẹni tó fún ẹni náà lóúnjẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà tí mo fi ń bi í.

"Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?" ó ní. "Ẹ bá mi gbé ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sùn."

Mo gbé ọmọ. Mo ń ka ìka rẹ̀ bó ṣe ń sùn, bíi pé tí mo bá kà á dáadáa, ó lè di márùn-ún.

Ọjọ́ kẹta la délé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ nílé wa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyá Àgbà á jókòó lórí àpótí ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tó ti rọ̀. Lẹ́yìn náà á fi òrí pa á lára, á mú apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, á mú apá òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á nà án, á gbọ̀n ọ́n, á sọ ọ́ sókè, á hán an. Gbogbo ilé ló ń wò ó, àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀ àkọ́kọ́, òun nìkan ni. Á ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìyá ọmọ gan-an kò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n á ní kó lọ jókòó ti omi gbígbóná tirẹ̀. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, n kò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin méjì láti ilé àfẹ́sọ́nà àbúrò mi wá kí wa kú oríire, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò mi ti ń gbóná nígbà náà, àwọn ènìyàn ọkọ sì ń wádìí ìdílé wa bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wádìí: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ọmọ wọ balùwẹ̀, ó ta aṣọ. Mo gbọ́ omi. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò kọrin, bẹ́ẹ̀ ó máa ń kọrin. Mo ká aṣọ. Ó ti fi eyín já òwú dúdú, ó ti dì í mọ́ ẹran kékeré ọwọ́ òsì, ó wá ń wo ìkẹfà tọwọ́ ọ̀tún, òwú nà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló ní kí o wọlé?"

"Ìyá Àgbà, nọ́ọ̀sì ní ká má di ìyẹn."

"Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì ló wẹ̀ ẹ́?"

"Ṣé irú èyí ti wà nílé wa rí?"

Ó yíjú sí aṣọ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ dájú. "Nílé tiwa? Rárá o! Kò sí i rí. Ilé wa mọ́."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Mo rí i. Mo rò pé ọṣẹ ló jẹ́ kó yọ̀. Gbogbo ẹni tí kò yẹ kí n fura sí ni mo fura sí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan tó yẹ kí n fura sí ni mo gbà gbọ́.

Tí ilé wa bá mọ́, ilé ta ni kò mọ́? Ìyẹn ni mò ń rò tí mo bá ń jẹun, ìyẹn ni mò ń rò tí mo bá ń jó irin. Àwọn ará ilé ìyàwó mi wá láti Bẹẹrẹ. Bàbá rẹ̀ ń tún rédíò ṣe, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba ife. Márùn-ún. Márùn-ún. Márùn-ún. Ìyá ìyàwó mi ń yìn mí, ó ní àna òun mọ ènìyàn tọ́jú.

Ìgbà náà ni mo rántí télọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọjú sí tèmi. Kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, ó ti pẹ́ ní Bẹyẹrúnkà ṣá, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ìka kẹfà tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó máa ń fi téèpù kọ́ sí i lára tó bá ń wọn ènìyàn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń rán aṣọ. Mo mú ṣòkòtò kan tí nǹkan kan kò ṣe lọ bá a.

"Wẹ́dà! Kí ló ṣe ṣòkòtò yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù."

"Ṣé o ti kúrú sí i ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "O kú oríire o. Wọ́n ní ọmọ gbé ìka wá bíi tèmi. Sọ fún un kó má bẹ̀rù. Ẹ̀yin oníka márùn-ún, àánú yín ló ń ṣe mí."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyàwó ẹ ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yín lánàá, ó ń bi mí bóyá ó máa ń dùn mí nígbà òtútù. Mo ní kò dùn mí rí."

Ẹni tó ní làákàyè á mọ̀ pé ìyá tó ń ṣàníyàn nípa ọmọ rẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Lójú mi, ẹ̀rí ni. Mo gbé fóònù sókè bíi pé mò ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ya fọ́tò ọwọ́ rẹ̀. Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi lọ, mo fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, mo gbé e ti tọmọ. Ti télọ̀ wà lósì, tọmọ wà lọ́tùn-ún. Ti télọ̀ rọ̀, tọmọ le. Kò jọ ọ́. Mo tún fẹ̀ ẹ́ sí i títí ó fi jọ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé. A tẹ́ ẹní síwájú ilé, ààfáà dé, àwọn ará ilé ìyàwó mi dé, àwọn aládùúgbò dé. Orúkọ kan wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù márùn-ún, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ààfáà tẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá ọmọ, orúkọ wo la mú wá?"

Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè, mo rí télọ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún àdúrà, ìka kẹfà yẹn dúró gbọnin. Mo ní, "Ẹ bi ìyá rẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó ni í."

"Sùbùhánálláhì," ààfáà ní.

Ìyàwó mi dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

"Kí lo sọ?"

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pè mí ní ìwọ rí.

"Tún un sọ. Kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa."

N kò tún un sọ. Bàbá rẹ̀ sún mọ́ ààfáà, ó sọ orúkọ kan sí i létí, ààfáà sì fi orúkọ náà ṣàdúrà. Ohùn ààfáà kò ròkè. Ìgbà tí wọ́n ṣe àmín tán, àwọn ará Bẹẹrẹ kó bàtà wọn, ìyàwó mi sì bá wọn lọ. Ohun tí mo rántí jù ni Ìyá Àgbà. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nílé wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí bàbá ìyàwó mi tó pè mí lórí fóònù. Ó ní dókítà eegun fẹ́ rí bàbá àti ìyá ọmọ pọ̀. Mo lọ. N kò ní purọ́, kì í ṣe torí ọmọ ni mo ṣe lọ. Mo fẹ́ kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà kì í ṣe tèmi.

Obìnrin ni dókítà náà, bóyá ló fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ìyàwó mi jókòó, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ògiri ló ń wò. Mo to gbogbo ìfura mi sílẹ̀ fún dókítà, oòrùn ọ̀sán, oògùn ibà, gbogbo rẹ̀. Ti télọ̀ nìkan ni n kò dárúkọ.

"Oṣù wo ló lo oògùn ibà?"

"Oṣù karùn-ún."

"Ọwọ́ ọmọ ti pé tán tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn." Ó fa ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. "Ẹ wò ó. Nígbà tí oyún bá pé bí oṣù kan, ọmọ inú kò tíì tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ọwọ́ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọ̀mùnú ewéko, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Orí ọ̀mùnú yẹn á fẹ̀, á rí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ìka níbẹ̀ o. Eegun ìka ló máa kọ́kọ́ là sínú pẹlẹbẹ yẹn, lẹ́yìn náà ẹran tó wà láàárín wọn á kú fúnra rẹ̀, á yọ́ lọ, àlàfo á wá wà. Ìyẹn ni ìka. Kí oyún tó pé oṣù méjì, ó ti parí. Obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ dájú pé òun lóyún."

Mo tẹjú mọ́ àwòrán náà. Gbogbo ìgbà yẹn, mo ti rò pé ṣe ni wọ́n ń jó ìka mọ́ ọwọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń jó ọ̀pá mọ́ géètì. Bẹ́ẹ̀ páànù kan ṣoṣo ni. Gígé ni wọ́n ń gé ìka jáde nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jó ìka méjì ọmọ mi pọ̀. Ọ̀kan ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, àlùmọ́gàjí ni kò gba àárín wọn kọjá.

Ìfura kò kúrò lára mi síbẹ̀. Mo ní, "Ta ni kò jẹ́ kó gba ibẹ̀?"

"Kì í ṣe ta ni. Oògùn burúkú wà tó lè fà á tí ìyá bá lò ó ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà mìíràn a kì í mọ ohun tó fà á rárá. Nígbà mìíràn ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ọ̀dọ̀ ìyá tàbí ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín."

Ó wo ti ìyàwó mi. Ó wá mú tèmi. Ọwọ́ wẹ́dà ni ọwọ́ mi, àpá iná kún ibẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín mi ọ̀tún lọ sísàlẹ̀, ó dúró. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀ tó dúdú ju ara yòókù lọ.

"Kí lèyí?"

"Iná ni. Iná wẹ́dà."

Ó gbé ọwọ́ òsì. Kókó wà níbẹ̀ náà, ojú kan náà gẹ́lẹ́.

"Iná méjèèjì mọ ọ̀nà o," ó ní. "Ta ló wẹ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́?"

Mo gbọ́ tí ìyàwó mi mí kanlẹ̀. Kò wò mí. Dókítà ní òun kò lè fi kókó búra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i rí á mọ̀ ọ́n: ibi tí wọ́n ti fi òwú di ìka kẹfà títí tó fi já. Ó ní irú rẹ̀ lè kéré bí ọkà lára ẹnì kan, kó sì le lára ọmọ ẹni náà, kó tún fo ẹlòmíràn nínú ilé kan náà. Ó ní kí a má bẹ̀rù, tí ọmọ bá ti tó bí ọdún kan, àwọn á ya ìka méjèèjì, àwọn á yọ ìkẹfà. Ìyàwó mi ló bi í bóyá ọmọ náà á lè dirun. Dókítà ní, "Á dirun. Á dì í ju ìwọ lọ." Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi tó sunkún.

Mo bá Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé, ó ń yọ́ òrí nínú oòrùn. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, kí lèyí?"

Ó fi oríkì mi pè mí. Ó ní kí n jókòó. Mo ní n kò jókòó.

"Òwú ni," ó ní. "Ọjọ́ kejì tí wọ́n bí ẹ. Ó já ní ọjọ́ karùn-ún, mo rì í mọ́ ẹsẹ̀ ògiri balùwẹ̀."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ìyá wa ló di tiẹ̀. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ."

"Àbúrò mi?"

"Òsì nìkan."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ ilé wa, yàrá dé yàrá. Ó ń ní bẹ́ẹ̀ ni sí òmíràn, ó ń ní rárá sí òmíràn. Àwọn ìyá wọn mọ̀, ó ní, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ló rò pé ọmọ tòun nìkan ni, torí ó ti mú wọn búra lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wá ní ilé wa mọ́."

"Ó mọ́. Ìka kì í ṣe ìdọ̀tí." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Kí ni kí n sọ? Àwọn àna àbúrò ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí wọn nà. Èmi ni mo gbé tèmi dàgbà, tí mo ti di ọmọge. Ìdáná ku bí ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ènìyàn ọkọ mi wá, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ìka kún ilé àwọn. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá wa mú abẹ. Ó ti pẹ́ jù, wọ́n ti lọ. Nígbà tí wọ́n bí bàbá ẹ lẹ́yìn ìyẹn, òwú ti wà nílẹ̀."

"Ẹ jókòó síbẹ̀ nígbà tí mo sọ ohun tí mo sọ níwájú ààfáà."

"Mo jókòó síbẹ̀."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mi ò sọ nǹkan kan." Ó gbé òrí kúrò nínú oòrùn. "Àmọ́ o bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o gbà á. Ìyàwó ẹ lo bi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, o ò gbà á."

Mo ká ọwọ́ mi méjèèjì kúrò níwájú rẹ̀.

Mo lọ sí Bẹẹrẹ. Bàbá ìyàwó mi ń yọ́ òjé sí inú rédíò kan, ó ní kí n dúró kó tutù. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí fọ́tò ọwọ́ télọ̀. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní láti ibẹ̀, "ẹ sọ fún un pé ibí kọ́ ló ti sọ ọ́. Ìta gbangba ló ti sọ ọ́. Kó lọ sọ èyí náà níta gbangba. Kí ẹni tó mú òwú náà wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ wò mí. "O gbọ́," ó ní.

Mo gbọ́. Ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn àna àbúrò mi á gbọ́ pẹ̀lú. Mo lọ sọ ọ́ fún àbúrò mi kí n tó sọ fún Ìyá Àgbà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bíi pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Tí wọn ò bá fẹ́ ọwọ́ mi, kí wọ́n fi í sílẹ̀," ó ní. "Ẹ lọ mú ìyàwó yín wá." Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú yàrá, n kò sì kan ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a tún tẹ́ ẹní náà síwájú ilé. Ààfáà náà ni, àwọn ènìyàn náà ni. Mo dìde, mo ní mo purọ́ mọ́ ìyàwó mi, mo purọ́ mọ́ télọ̀, mo kọ ọmọ mi sílẹ̀ níwájú wọn. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Àwọn ènìyàn kan ń rẹ́rìn-ín, wọn kò tíì gbà á. Ìyá Àgbà wá dìde. Ó ní kí ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan wo ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ẹní dàrú. Wọ́n ń fa ọmọ mọ́ra, wọ́n ń yí ọwọ́ wọn sí oòrùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́kọ́ pariwo.

"Háà! Tèmi nìkan kọ́? Ìyá Àgbà, láti ìgbà yìí! Mo ti ń gbààwẹ̀ lórí ọmọ yìí!"

"Ìwọ náà?" èkejì ní. "Àti gbogbo ìgbà tí mò ń fi ọwọ́ ọmọ mi pamọ́ fún ẹ!"

Ẹ̀rín bú. Ààfáà gan-an rẹ́rìn-ín, ó fi irùngbọ̀n bò ó. Mo lọ bá télọ̀ níbi tó jókòó sí, mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀.

"Wẹ́dà," ó ní, "ṣòkòtò ẹ wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti dín in kù bí o ṣe ní kí n dín in. Kò lè gbà ọ́ mọ́."

Ó gbé mi dìde. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Àwọn àna àbúrò mi ránṣẹ́ pé kí a fún àwọn láyè díẹ̀. Àyè náà kò tíì tán. Àbúrò mi kò bá mi jà. Mo ti fẹ́ kó bá mi jà.

Ìyàwó mi padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ń jẹ́ orúkọ tí bàbá ìyá rẹ̀ fún un, orúkọ tó ti wà lọ́kàn mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀, Ìyá Àgbà á jókòó lórí àpótí, ìyàwó mi á dúró tì í, èmi náà á dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà á fi òrí pa ọmọ, á mú apá ọ̀tún, á nà án, ìka mẹ́fà yẹn á là bí ó ṣe lè là. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ìyàwó mi kì í wo ọmọ. Ojú mi ló ń wò, bí mo ṣe ń wo ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí mò ń gbé omi fún wọn. Ó ń wo bóyá ìfura ṣì kù níbẹ̀. N kì í yí ojú mi kúrò. Mo máa ń dúró kó wò ó títí Ìyá Àgbà á fi sọ ọmọ sókè, tí á sì hán an.